Àlejò Inú Àpòlúkù: Ohun tí Ẹranko Àyẹ̀wò Kọ́ Wa nípa Bí Kòkòrò Helicobacter Ṣe Ń Ba Awọ Inú Jẹ́

Àwọn àgbà ní ẹni tí yóò mú ọ̀bọ ni í ṣe bí ọ̀bọ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1984, ní ìlú Perth ní ilẹ̀ Ọsirélíà, dókítà kan tí ń jẹ́ Barry Marshall ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó fi ara rẹ̀ rọ́pò ẹran àyẹ̀wò. Ó ti kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi kòkòrò tí òun àti Robin Warren rí nínú àpòlúkù àwọn aláìsàn ran ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, kòkòrò náà sì kọ̀ jálẹ̀, kò bá ẹlẹ́dẹ̀ gbé. Nígbà tí gbogbo ọ̀nà pin, ó bu omi tí ó kún fún kòkòrò náà, ó gbé e mu bí ẹni mu àgbo. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí èébì fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e, tí ẹnu rẹ̀ ń rùn, tí awò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tì bọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì fi hàn pé awọ inú àpòlúkù tí ó dán mọ́rán tẹ́lẹ̀ ti wú, àti pé kòkòrò ti tẹ̀dó síbẹ̀.

Ìgboyà yìí wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ayé dẹtí sílẹ̀, òun àti Warren sì jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2005. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnì kan ṣoṣo lè fi ara rẹ̀ sọ ní ìwọ̀n. A kò lè la ènìyàn wò ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. A kò lè gba ọmọ ogun ara rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí a wá jókòó máa wò bóyá ọgbẹ́ yóò yọ. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè dúró tì í fún ogójì ọdún kí a tó mọ̀ bóyá àrùn jẹjẹrẹ ni òpin ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹranko ni a fi ń ṣe èyí, ohun tí wọ́n sì fi ẹ̀mí wọn sọ fún wa ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ níhìn-ín, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ kan tí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí mo ti ń ka àwọn ìwádìí wọ̀nyí: nígbà tí awọ inú bá bàjẹ́, ta ni ó bà á jẹ́ gan-an, kòkòrò tí ó wọlé ni, àbí ara tí ń bá kòkòrò náà jà?

Kí a tó mọ bí ògiri ṣe wó, ó yẹ kí a mọ bí a ṣe mọ ọ́n. Ẹni tí ó bá ti la àpòlúkù ẹlẹ́dẹ̀ rí yóò rántí bí inú rẹ̀ ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, bí ó ti ká jọ ní ìṣẹ́po ìṣẹ́po, tí ó sì ń yọ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí ọbẹ̀ ilá. Yíyọ̀ yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Aṣọ ìgbòrí ni, ikun tí awọ inú ń sun jáde láti fi bo ara rẹ̀, kí omi kíkan tí ń lọ ẹran di omi má baà lọ òun náà. Lábẹ́ ikun ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tò sí ní ẹsẹ kan ṣoṣo, wọ́n sì rì wọlé síhìn-ín sọ́hùn-ún bí kànga tóóró. Nínú kànga wọ̀nyí ni ìyá sẹ́ẹ̀lì wà, èyí tí ń bí àwọn tuntun láti rọ́pò àwọn tí ó ti gbó; ibẹ̀ náà ni sẹ́ẹ̀lì oníkíkan wà, àwọn tí ń pọn omi kíkan, àti ní ìsàlẹ̀ pátápátá, àwọn tí ń pèsè èròjà tí ń mú oúnjẹ dà. Nítorí omi kíkan yìí ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìṣègùn fi gbà fún ìgbà pípẹ́ pé kò sí ohun abẹ̀mí tí ó lè fi àpòlúkù ṣe ilé, tí wọ́n sì fi ń di ẹ̀bi ọgbẹ́ inú ru ìrònú, ata àti àìjẹun lásìkò, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣe títí di òní.

Bẹ́ẹ̀, ẹranko ti ń jẹ́rìí sí ohun mìíràn tipẹ́. Ní ọdún 1893, ní ìlú Turin ní ilẹ̀ Ítálì, Giulio Bizzozero rí kòkòrò lílọ́ nínú kànga àpòlúkù ajá, àní nínú sẹ́ẹ̀lì oníkíkan fúnra wọn. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Hugo Salomon mú awọ inú ológbò àti ti ajá, ó fi bọ́ eku funfun, kòkòrò lílọ́ náà sì gba inú eku bí ẹni pé ilé bàbá rẹ̀ ni. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn méjèèjì wà nínú ìwé, kò sì sí ẹni tí ó gbé e yẹ̀ wò dáadáa fún bí ọgọ́rin ọdún. Ó dùn mí nígbàkúùgbà tí mo bá rántí rẹ̀, nítorí láàárín àkókò yẹn, iye àpòlúkù tí àwọn oníṣẹ́ abẹ gé sọnù nítorí ọgbẹ́ kò mọ níwọ̀n.

Báwo ni kòkòrò kékeré ṣe ń la omi kíkan já? Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí ó kọ̀ fún Marshall náà ni ó padà wá dáhùn. Ní ọdún 1987, Krakowka àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà lo ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbà jáde nínú ìyá, tí wọ́n tọ́ sínú yàrá dídé tí kòkòrò kankan kò lè wọ̀. Inú irú ẹran bẹ́ẹ̀ ṣófo bí ilé tuntun, kò sí ayálégbé kan tí yóò bá àlejò jà, kòkòrò náà sì wọ̀ ọ́, ó mú awọ inú rẹ̀ wú. Lára ẹlẹ́dẹ̀ wọ̀nyí ni Kathryn Eaton ti dán ohun kan wò tí ó yé ni yékéyéké. Kòkòrò Helicobacter pylori ní èròjà kan tí à ń pè ní yúríésì, èyí tí ń fọ́ yúríà, ohun kan náà tí ó wà nínú ìtọ̀, sí amóníà àti afẹ́fẹ́ kábọ̀n. Amóníà yìí ni òórùn tí ń ta ni nímú níbi tí ìtọ̀ ti pẹ́. Ó ń pa oró omi kíkan, kòkòrò náà sì fi ń yí ara rẹ̀ ká bí ẹni fi aṣọ òjò bora. Eaton fi kòkòrò tí a ti gba yúríésì lọ́wọ́ rẹ̀ ran ọmọ ẹlẹ́dẹ̀, kò sì sí èyí tí ó rí ibì kan dúró sí. Nígbà tí ó tún mú èyí tí kò ní ìrù tí ó fi ń wẹ̀, òun náà kò lè pẹ́ níbẹ̀.

Ìrù náà, tí ó máa ń tó mẹ́rin sí mẹ́fà ní ìdí kòkòrò kan, kò lè dá iṣẹ́ ṣe. Ikun inú àpòlúkù le bí ẹ̀kọ tútù níwọ̀n ìgbà tí omi kíkan bá wà nínú rẹ̀, ìrù kò sì lè la ẹ̀kọ tí ó dì. Ṣùgbọ́n bí amóníà bá ti pa kíkan náà, ikun a rọ̀ bí ẹ̀kọ tí a fi omi gbígbóná pò, alára lílọ́, awẹ̀-nínú-kíkan-bí-ẹja-inú-ibú, a sì gba ibẹ̀ kọjá. Ara eku Mòǹgólíà ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Jámánì ti fi hàn ní ọdún 2004 bí ó ṣe ń mọ ọ̀nà: ó ń tẹ̀lé bí kíkan ṣe ń dín kù láti àárín àpòlúkù dé ìdí awọ, àti pé bí a bá mú kí kíkan náà dọ́gba níbi gbogbo, ọ̀nà a sì dàrú mọ́ ọn lójú. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Kòkòrò yìí kì í dúró kí ògiri lanu, òun fúnra rẹ̀ ni í fi amóníà rẹ ẹ́.

Ẹlẹ́dẹ̀ aláìní-kòkòrò wọ́n, ó sì ṣòro láti tọ́, nítorí náà ni ojú àwọn onímọ̀ fi yà sí ẹran kékeré. Ní Amẹ́ríkà, James Fox àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé fẹ́rẹ́ẹ̀tì, ẹranko tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí àwọn òyìnbó ń sìn nílé, ní ìbátan kòkòrò yìí lára láti ọ̀run wá, ó sì ń fi ọgbẹ́ inú ṣe é. Ní Sydney, ní ọdún 1990, Adrian Lee mú Helicobacter felis, tí ilé rẹ̀ jẹ́ inú ológbò, ó fi ran eku, inú eku náà sì wú bí ti ènìyàn. Ó di ọdún 1995 kí àwọn ará Ítálì tó fi kòkòrò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lára aláìsàn ran eku pẹ̀lú àṣeyọrí, àti ọdún 1997 kí Lee tó fún ayé ní ẹ̀yà tí à ń pè ní SS1, èyí tí gbogbo ilé àyẹ̀wò lè jọ lò kí ọ̀rọ̀ wọn lè bára mu.

Ṣùgbọ́n eku kì í ṣe ènìyàn kékeré. Ìdajì àpòlúkù rẹ̀ níwájú kò ní kànga kankan. Kò ní èròjà interleukin-8 tí ara wa fi ń ké gbàjarè sí ẹ̀jẹ̀ funfun. Ọgbẹ́ tí ń jìn wọnú kì í sì í sábà yọ sí i. Ẹ̀yà SS1 pàápàá ti pàdánù agbára abẹ́rẹ́ tí ẹ̀yà líle fi ń gún sẹ́ẹ̀lì, abẹ́rẹ́ tí a ó padà wá sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo sọ èyí síhìn-ín nítorí mo ti rí àpilẹ̀kọ tí ó fo ọ̀rọ̀ láti ara eku dé ara aláìsàn ní gbólóhùn kan, bí ẹni fo gọ́tà.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo bí ìbàjẹ́ náà ṣe ń rìn. Bí a bá mú eku dúdú tí à ń pè ní C57BL/6, tí a fi H. felis ràn án, tí a pa á lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tí a gé awọ inú rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí a rẹ ẹ́ láró, tí a sì gbé e sábẹ́ awò asọ-kékeré-di-ńlá, ohun tí a ó rí kò fara sin. Lára eku tí ara rẹ̀ dá, kànga náà gùn, ó tọ́. Sẹ́ẹ̀lì oníkíkan dúró roboto, wọ́n pọ́n, ojú dúdú kan ní àárín wọn bí ẹyin tí a dín, àwọn tí ń mú oúnjẹ dà sì wà ní ìsàlẹ̀, wọ́n ní àwọ̀ elése àlùkò. Lára eku tí a ràn, ẹ̀jẹ̀ funfun ti rọ́ gììrì wọ àárín kànga àti kànga, wọ́n dúdú bí ọta ìbọn. Sẹ́ẹ̀lì pípọ́n wọnnì ti ń dín kù, ó ń ku ọ̀kan níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún. Ní ipò wọn ni sẹ́ẹ̀lì kan tí àwọ̀ rẹ̀ fúyẹ́, tí ó kún fún ikun, ti ń jókòó. Ìyẹn ni pé ibi tí ó yẹ kí ó máa pọn omi kíkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í sun ikun, kànga ti yí ìwà padà. Bí kíkan bá sì ti dín kù, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ fún àwọn kòkòrò mìíràn tí kò ní ẹ̀tọ́ sí ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ti fi hàn pé eku tí ara rẹ̀ fẹ́ máa ní jẹjẹrẹ, bí a bá fi H. pylori nìkan ràn án nínú yàrá aláìní-kòkòrò, jẹjẹrẹ náà a pẹ́ kí ó tó dé ju ti eku tí kòkòrò orísìírísìí bá a gbé lọ.

Ta ni ó wá pa sẹ́ẹ̀lì oníkíkan? Ẹ̀bi àlejò kò ṣeé mú kúrò. Ó ní oró kan, VacA, tí ń gbẹ́ ihò sínú sẹ́ẹ̀lì. Ní ọdún 1994, àwọn onímọ̀ fún eku ní oró yìí nìkan mu, láìsí kòkòrò, awọ inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Àwọn ará Jàpáánì sì fi hàn ní ọdún 2003 pé eku tí kò ní ohun àmúmọ́ra tí à ń pè ní Ptprz kò ní ọgbẹ́, bí oró náà ti wù kí ó pọ̀ tó. Ó tún ní èkejì, CagA, tí ó ń fi abẹ́rẹ́ gún wọnú sẹ́ẹ̀lì, tí yóò sì da àṣẹ inú sẹ́ẹ̀lì náà rú. Masanori Hatakeyama àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dá eku kan ní ọdún 2008 tí ń fúnra rẹ̀ ṣe CagA. Kò sí kòkòrò lára rẹ̀, inú rẹ̀ kò sì wú, síbẹ̀ èso ara àti jẹjẹrẹ yọ sí díẹ̀ nínú wọn. Ẹni tí ó bá sọ pé ara nìkan ni ó ń ba ara jẹ́ kò tíì ka ìwádìí yìí.

Ṣùgbọ́n kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ní ọdún 1999, Eaton kan náà, ẹni tí mo gbà pé ó ṣe iṣẹ́ tí ó mọ́ jùlọ nínú ọ̀ràn yìí, mú eku tí a bí láìsí ọmọ ogun ara, ó fi H. pylori ràn án. Kòkòrò náà gbilẹ̀, ó kún ibẹ̀ fọ́fọ́, awọ inú eku sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé àlejò wà nílé. Ó wá gba sẹ́ẹ̀lì láti inú ọlọ inú eku tí ara rẹ̀ dá, ó fi sí ara àwọn aláìní-ọmọ-ogun wọ̀nyí. Ogun bẹ̀rẹ̀, kòkòrò dín kù, awọ inú sì bàjẹ́ gidigidi. Ní ọdún kan náà, àwọn mìíràn tí wọ́n lo H. felis fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì T, àwọn ọ̀gágun ara, ni kókó ọ̀rọ̀ náà, nítorí eku tí kò ní wọn kò pàdánù kànga rẹ̀, nígbà tí eku tí kò ní àwọn tí ń rọ ọfà sínú ẹ̀jẹ̀ pàdánù tirẹ̀ bí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí a bá tún gba ìkéde ogun kan tí à ń pè ní intaféróọ̀nù gámà lẹ́nu sẹ́ẹ̀lì T, inú eku kì í wú.

Níbi tí kòkòrò pọ̀ sí jù ni ìbàjẹ́ ti kéré jù. Ohun tí ó yí èrò mi padà nìyẹn. Ìyá àgbà tí ń pa iná nínú aṣọ mọ ohun tí ó fà á: bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Àìsàn tí ọmọ ogun ara bá lé lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì, ara a tún ilé ṣe. Ṣùgbọ́n èyí tí yóò gbé inú ikun fún gbogbo ọjọ́ ayé, níbi tí ọfà kì í ti í bà á dáadáa, ogun rẹ̀ kì í tán, ojú ogun náà sì ni awọ inú onílé. Ìdílé eku pàápàá yàtọ̀ síra: H. felis kan náà tí ń ba C57BL/6 jẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe BALB/c ní nǹkan, nítorí bí ọ̀kan ṣe ń jagun kọ́ ni èkejì ṣe ń jà.

Eku Mòǹgólíà ni ó gbé ọ̀ràn yìí dé ibi tí ó burú sí. Láti ọdún 1996 ni àwọn ará Jàpáánì ti rí i pé òun, láìdà bí eku ilé, ń ní ọgbẹ́ inú bí ènìyàn. Ní ọdún 1998, Watanabe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi H. pylori nìkan ràn wọ́n, láìfi kẹ́míkà kankan kún un, nígbà tí ó sì fi máa di ọ̀sẹ̀ 62, jẹjẹrẹ àpòlúkù ti yọ sí ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Ó ti pé ọdún mẹ́rin nígbà náà tí àjọ tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lágbàáyé ti kọ kòkòrò yìí mọ́ ohun tí ń fa jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ara ẹranko kò tíì tó. Àwọn mìíràn fi iyọ̀ púpọ̀ sí oúnjẹ eku yìí, ìbàjẹ́ náà sì le sí i. Èyí tí ó fún mi ní ìrètí ni pé bí wọ́n bá fi oògùn lé kòkòrò náà ní kùtùkùtù, jẹjẹrẹ a dín kù gan-an. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ó pẹ́, oògùn a lé kòkòrò, ṣùgbọ́n kò ní lè dá gbogbo ìpalára padà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa ní tààràtà. Ní ọdún 1992, Holcombe, ẹni tí ó ṣe àyẹ̀wò lára àwọn aláìsàn ní Máídúgùrì, kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun kan ṣe òun ní kàyéfì nípa ilẹ̀ Áfíríkà: kòkòrò náà wọ́pọ̀ lára wa láti kékeré, síbẹ̀ jẹjẹrẹ àpòlúkù kò pọ̀ tó bí ó ti yẹ. Àwọn kan ti bá a jiyàn, wọ́n ní kò sí kàyéfì níbẹ̀, àwọn tí a fi awò wo inú wọn ni kò pọ̀. Èmi kò ní dá ẹjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2000, Fox fi aràn ìfun ran eku C57BL/6, ó sì fi H. felis lé e. Kòkòrò kò dín kù, àní ó pọ̀, inú sì wú síbẹ̀, ṣùgbọ́n kànga àpòlúkù kò bàjẹ́ tó ti eku tí kò ní aràn, nítorí aràn ti yí ọwọ́ ìjà ọmọ ogun ara padà. Ta ni nínú wa tí kò jẹ oògùn aràn ní kékeré? Aràn ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀, ó ń dá ọmọ dúró lẹ́nu ìdàgbà, ó sì yẹ kí a máa lé e. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú àpòlúkù nígbà tí ó bá lọ.

Ìwádìí Anne Müller ní Zürich ni mo ń padà sí jù lónìí. Ó fi H. pylori ran ọmọ eku ní ọjọ́ keje tí a bí i, ó sì ran àwọn mìíràn nígbà tí wọ́n ti dàgbà. Àwọn tí ó ràn ní kékeré gbé kòkòrò tí ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n awọ inú wọn ni ó dára jù; sẹ́ẹ̀lì tí ń pẹ̀tù sí ìjà ti kọ́ láti fara da àlejò, bí a bá sì mú àwọn apẹ̀tùsíjà yìí kúrò, ogun a tún bẹ̀rẹ̀. Láti kékeré ni kòkòrò yìí ti ń wọ ara ọ̀pọ̀ ọmọ wa, síbẹ̀ eku àgbà ni ọ̀pọ̀ ìwádìí tí a fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lò. Bí wọ́n bá fún mi láàyè láti yan eku tí a ó fi bẹ̀rẹ̀ nínú ilé àyẹ̀wò tiwa, ọmọ eku tí a ràn ní ọjọ́ keje, tí aràn wà ní ìfun rẹ̀, tí a sì ń fi irú oúnjẹ tí ọmọ wa ń jẹ bọ́, ni n óò kọ́kọ́ béèrè.